Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ọkọ̀ Onígbòkun Dúró Ṣánṣán

Kò sẹ́ni tó mọ fọ́tò àtijọ́ tún ṣe tó mi ní gbogbo Festac. Mi ò parí ilé ìwé o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá lórí kọ̀ǹpútà ju tàwọn tó gba digírì lọ. Ọ̀gá mi, Ẹ̀gbọ́n Ṣínà, tó ni ṣọ́ọ̀bù fọ́tò tá a wà, náà mọ̀. Wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, wọ́n ń lọ ya ìgbéyàwó. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Tọ́pẹ́, kọ́sítọ́mà kan péré ló kù tó máa fẹjọ́ ẹ sùn mí, o ti lọ sílé nìyẹn. Skáànù ni kó o máa skáànù. Má lo ọgbọ́n kankan."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Wọn ò tíì dé títì tí Bàbá kan fi wọlé, láti Raji Rasaki Estate, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n mú fọ́tò kékeré kan jáde, dúdú àti funfun, etí ẹ̀ ti jẹ: ọkọ̀ onígbòkun kékeré lórí ọ̀sà Èkó, láyé ọjọ́un. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di ńlá, àwọn fẹ́ gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ àwọn tí ò lè jáde nílé mọ́, ní Alákijà. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láìpẹ́.

Mo skáànù ẹ̀. Àánú ẹni tó yà á ṣe mí. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí, mo gbé e dúró ṣánṣán. Pákó kan yọ lábẹ́ ẹ̀, mo ní ó ti kán, mo pa á rẹ́. Nǹkan dúdú kan tún rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ní àbàwọ́n ni, mo nù ún nù. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo yin ara mi.

Bàbá dé, wọ́n wò ó títí. "Káyọ̀dé dà?"

"Ta ni Káyọ̀dé, sà?"

"Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ gbé fọ́tò fún."

Bàbá na ìka síbi tí mo ti nu nǹkan dúdú yẹn nù.

"Atẹ́gùn ló ń tẹ ọkọ̀, ìyẹn ló ṣe fì. Káyọ̀dé ló rọ̀ síta yẹn, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Pákó tó o yọ, àárín ọkọ̀ la máa ń tì í gbà wọnú omi, kí atẹ́gùn má baà gbá wa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó o ṣe tò ó yìí, èmi nìkan ni, mo sì ti rì."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Ẹ̀gbọ́n."

Mo yára tún un skáànù, mo tẹ òmíì jáde, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo ní kí n bá wọn gbé e dé Alákijà, kí n lè máa bẹ̀ wọ́n lójú ọ̀nà. Ìbẹ̀rù ò jẹ́ kí n mọ̀ pé mo kó fọ́tò méjèèjì, èyí tó dáa àtèyí tí mo bà jẹ́, sínú báàgì kan náà.

Nígbà tá a dé Alákijà, èyí tí mo bà jẹ́ lọwọ́ Bàbá Káyọ̀dé, ọ̀rẹ́ wọn, kọ́kọ́ bà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn.

"Ṣẹ́gun, o ti yọ mí. Ṣé o ti ń sọ fáwọn ọmọ-ọmọ ẹ pé ìwọ nìkan lo wà níbẹ̀?"

"Ọmọ yìí ló ṣe é o."

"Irọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn ẹ."

Bàbá Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ìyàwó wọn sáré jáde láti kíṣìnì, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn látọjọ́ yìí.

Bàbá Ṣẹ́gun wá tẹ Ẹ̀gbọ́n láago lójú mi. Mo ti ń ronú bí màá ṣe kó ẹrù mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n gbé fóònù fún mi.

"Kí lo tún ṣe?"

"Wọ́n ní ká tẹ èyí tí mo bà jẹ́ ní ńlá, ká fi gíláàsì sí i, sà."

"Èyí tó o bà jẹ́?"

"Méjì, sà. Ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n kàn pa fóònù ni. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi ẹlòmíì hàn mí ní Festac tó ba fọ́tò jẹ́ tí wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀.