Orúkọ Tí Kò Dúró De Ọjọ́ Kẹjọ

Mo rántí ìgbà tí gbogbo agboolé wa ní Kábúà ń kí mi pé mo bí ọmọ jẹ́jẹ́. Àkọ́bí mi ni. Àwọn ọmọ tuntun mìíràn ń han gooro, tèmi ń sùn ní tirẹ̀. Èmi náà ń gbé orí sókè, bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ níwà nínú ikùn. Nígbà tó di pé á kàn di ọmú mú díẹ̀, á sì tún fi í sílẹ̀, mo ní ó ti yó. Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí, kò gbóná, ó tiẹ̀ tutù. Ọmọ tí ara rẹ̀ ò gbóná, àìsàn wo ló fẹ́ ṣe é? Ọgbọ́n mi pọ̀ nígbà náà, ẹ má dá mi lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ọkọ mi wọlé wá wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe gbé e, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ rọ̀ jọwọlọ, àyà rẹ̀ ń sáré, ó ń kérora díẹ̀díẹ̀. Omi ìwẹ̀ bọ́ sí i lójú, kò ké. Ìyá gbé kàn-ìn-kàn-ìn sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn," ni mo wí. Ẹ̀rù ti bà mí.

Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò tíì pé, ọkọ mi sì wà lóko ní Òfẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin tó wà lágbàlá ti ń mi orí: "Ẹ ní sùúrù, kí baba rẹ̀ dé ná." Mo dúró, mo ń sunkún.

Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó ti ìka bọ inú omi ìwẹ̀ náà, ó fi kan ọmọ lórí, ó pe orúkọ kan sí i létí. Ó wá kọjú sí wọn: "Ẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ yà lọ́nà!"

Agbẹ̀bí tó wà nílé ìwòsàn kò tiẹ̀ jẹ́ ká jókòó. Ó ní kòkòrò àìsàn ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, pé ara ọmọ tuntun a máa tutù bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn dípò kó gbóná. Ó gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó so ó mọ́ mi láyà kí ooru ara mi lè máa ràn án, kó tó wá alùpùpù tó gbé wa lọ sí ọsibítù ńlá ní Ṣábẹ̀ẹ́. Dókítà ibẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ló bá wa dá àìsàn náà dúró. A pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tó tún fa ọmú mi tagbára-tagbára, orí ọmú ń dùn mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, èmi àti Ìyá jókòó, à ń pa ẹ̀pà. Mo bi í léèrè bí orúkọ náà ṣe tètè wá sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

"Ó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́," ó ní. "Ti àkọ́bí mi ni. Òun náà kò mu ọmú mọ́. A ní ká dúró de ọjọ́ kẹjọ."

Ó wá pe orúkọ náà jẹ́jẹ́.

Ọmọ mi dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé: "Màmá àgbà, ṣé ẹ pè mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyá wí. "Máa bọ̀."