Pátákó Tí Mi Ò Fi Àmì Sí

Mùsùlùmí ni mí, Ifọ̀ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí àwọn tó ti kọ orúkọ Jésù jù lọ ní agbègbè wa tò sórí ìlà, kí pásítọ̀ kankan má dúró ṣíwájú mi. Pátákó ni mò ń kọ. Rasákì Átíìsì ni wọ́n ń pè mí láti Ìbàfò dé Mòwé, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń hù níbẹ̀ bí olú lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá rí ọfà pupa kan láyé ìgbà náà tó ń tọ́ka sí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀, tí wọ́n kọ "Iṣẹ́gun Wà Níwájú" sí i lára, ẹ máa rọra rìn. Ẹrẹ̀ ló wà níwájú, ọwọ́ mi ló sì kọ ọ́.

Ọ̀gá Súlè ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ifọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó bọ́ sídìí pátákó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n kọ "Kò Sí Ewu" sára páálí kan. Mo kọ ọ́. Wọ́n wò ó títí.

"Kí lo kọ síbí?"

"Kò sí ewu, sà."

"KOSIEWU. Orúkọ ìlú wo nìyẹn?"

Wọ́n gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. "Rasákì, àlàfo náà lẹ́tà ni. Lẹ́tà tí a kì í fi ọ̀dà kọ ni."

Iṣẹ́ wa kì í ṣe iṣẹ́ oníwàdùwàdù. Òwú tí a fi ẹfun pa la máa ń nà kọjá ojú pátákó, a ó ta á kó fi ìlà sílẹ̀, a ó wá fi ṣọ́ọ̀kì wọn ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí kí ọ̀dà tó kàn án. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ̀yìn ló máa mọ̀ ọ́n sí, nígbà tí pátákó bá tán tí ọ̀rọ̀ ò tíì tán.

Ọ̀rọ̀ tí èmi àti àwọn oníbàárà kì í fẹnu kò lé lórí ni ti àmì, èyí tó ń wà lórí lẹ́tà àti èyí tó ń wà lábẹ́ rẹ̀. Wọn ò fẹ́ ẹ. Onígbàjámọ̀ kan ní Ìbàfò ní kí n kọ "A ń gẹ orí níbí" fún òun. Mo kọ ọ́ tàmìtàmì, ó rẹwà. Ó yọjú sí i, ó ní, "Átíìsì, eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí pátákó mi yìí?" Mo pa gbogbo àmì náà rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù ni A N GE ORI NIBI. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi fa ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó ní òun ò bá wọn dá sí i pé kí wọ́n gé orí olówó orí òun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé Yorùbá tí kò ní àmì, ohun tó bá wà lọ́kàn ẹni ni ẹni máa ń kà níbẹ̀.

Mo ní láti ṣàlàyé ìyẹn kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mi, lójú ọ̀nà tó ti Mòwé lọ sí Ọ̀fàdà, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tó le bí ojú ẹja. Obìnrin tí kò bo orí kò gbọdọ̀ wọlé. Obìnrin tó wọ ṣòkòtò kò tilẹ̀ gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé. Lẹ́yìn pátápátá nínú ilé ìsìn, wọ́n ní bẹ́ńṣì kan tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńṣì ìbáwí. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ibẹ̀ ni yóò máa jókòó títí àwọn àgbà ìjọ yóò fi ní ó tó.

Bàbá Díkìnì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ràn àmì ohùn débi pé wọ́n máa ń fi bírò tún ìwé orin ìjọ ṣe. Ọmọbìnrin wọn, Títílayọ̀, ló ń lé orin jù nínú ẹgbẹ́ akọrin. Títí lóyún, kò sì lọ́kọ. Bàbá Díkìnì fúnra wọn ló na ọwọ́ sí bẹ́ńṣì ìbáwí fún un, níṣojú gbogbo ìjọ. Ó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan péré. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti kó lọ sí Ifọ̀.

Ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló ti ń ta ìrẹsì. Ọ̀fàdà ló ti ń wá rà á, Mòwé ló sì ti ń wọkọ̀ padà. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọ̀kadà ń gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀, àpò ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lọ́dọ̀ tèmi. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rẹ̀, Bàbá Díkìnì á ní ó rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn. Lọ́jọ́ ọjà Ọ̀fàdà, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kì í mọ́ tó lójú wọn. Wọ́n á máa gbá a, wọ́n á máa tún un gbá, àfi ìgbà tí ọ̀kadà náà bá kọjá kí wọ́n tó gbé ìgbálẹ̀ wọlé. Àánú wọn máa ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bá Bàbá Díkìnì sọ ọ́?

Báyìí ni wọ́n gbé pásítọ̀ tuntun wá láti Èkó, Pásítọ̀ Káyọ̀dé, ọmọdé ni lójú àwọn àgbà ìjọ. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́, Bàbá Díkìnì na ọwọ́ dí obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ yẹra. Ìyàwó pásítọ̀ tuntun là ń retí."

"Èmi náà ni, sà," ni obìnrin náà wí, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn.

Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀dà fi dànù lọ́wọ́ mi.

Pásítọ̀ yìí kì í pariwo. Ó ní ayé ti yí, àwọn èèyàn ń kó bọ̀ láti Èkó lójoojúmọ́, oríṣiríṣi ẹni ló ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mòwé, àti pé Jésù tí òun mọ̀ kì í dúró sẹ́nu ọ̀nà wo aṣọ. Ó bi Bàbá Díkìnì léèrè lọ́jọ́ kan tí mo ń tún àgbélébùú wọn kùn.

"Bàbá, àwọn tó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yìí, ta ló padà síwájú nínú wọn?"

Bàbá Díkìnì bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orin jọ.

"Níbo ni wọ́n lọ, sà?"

Bàbá Díkìnì wo ojú títì.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni pásítọ̀ pe káfíńtà, ó ní kó tú bẹ́ńṣì ìbáwí, kó fi ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kan pátákó kan ṣoṣo. Pásítọ̀ wá pè mí lórí fóònù láti Èkó, níbi tó ṣì ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já bí òwú jíjẹrà.

"Átíìsì, ẹ bá mi kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ wọlé bí ẹ ṣe wà!"

"Ṣé kí n fi àmì sí i?"

"Rárá o, kó mọ́ tónítóní!"

Mo na òwú, mo fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n pásítọ̀ ti ní gàdàgbà, bẹ́ńṣì sì ni bẹ́ńṣì ń jẹ́, kì í ṣe pátákó ojú títì. Ìgbà tí mo dé ìdajì ni mo rí i pé ibi tó kù ò ní gba ọ̀rọ̀ tó kù. Mo sún E mọ́ SE. Mo ní ta ló máa mọ̀. A gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà: E WOLE BI ESE WA.

Lọ́jọ́ ìsinmi, Bàbá Díkìnì dúró sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kà á sókè bí ìgbà tí wọ́n ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé. "Ẹ wọlé bí ẹ̀ṣẹ̀ wà." Wọ́n yíjú sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Rasákì! Ta ló rán ọ sí wa?"

Kí n tó dáhùn, bàbá aránbàtà kan tó ń lo ọ̀pá nítorí pé ẹsẹ̀ kan ló ní ti dé. Òun kà á ní tirẹ̀. Ó ní, "Ẹ wọlé bí ẹsẹ̀ wà? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń ka ẹsẹ̀ èèyàn kó tó gbà á? Ẹyọ kan ni tèmi."

Pásítọ̀ jáde sí i. "Ẹyọ kan ti tó, sà. Ẹ máa bọ̀."

Ìyá tó ń ta ọtí páràga ní ibùdókọ̀ náà wá, òun àti àwọn ọlọ́kadà tó ń mu ún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà kí a wọlé. Tèmi wà, ó tilẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Níbo ni kí n gbé e sí?" Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àga ò tó mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, àṣìṣe mi ló sì ń pe èèyàn ju agogo wọn lọ.

Àwọn àgbà ìjọ bínú. Wọ́n ṣe ìpàdé. Bàbá Díkìnì ló rí ọ̀nà àbáyọ fún wọn, ẹni tó bá mọ àmì ló mọ ọgbọ́n. Wọ́n ní kò sídìí tí a ó fi já pátákó, àmì nìkan ni kí a fi sí i. Bí àmì bá bọ́ síbi tó yẹ, yóò di "Ẹ wólẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ wà." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà láìkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ síta. Bẹ́ńṣì ìbáwí ti padà dé nìyẹn, ìta ló kàn kó wá. Wọ́n dìbò, tiwọn pọ̀ ju ti pásítọ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n fún: kí Bàbá Díkìnì fúnra wọn dúró tì mí, kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan yóò wà.

Ọjọ́ Sátidé la fi í sí, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ọ̀fàdà. Mo gun àkàbà, Bàbá Díkìnì dì í mú nísàlẹ̀. Mo fi àmì àkọ́kọ́ sábẹ́ E ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò níjà nínú. Ó wá ku WOLE.

"Bàbá, abẹ́ O ni kí n fi sí, àbí abẹ́ E?"

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, àwọn náà mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wà lábẹ́ O, wọlé ni. Bí ó bá wà lábẹ́ E, wólẹ̀ ni. Wọ́n ya ẹnu láti dáhùn. Ọ̀kadà kan dúró gbáà lẹ́yìn wọn.

Títí ni. Ṣòkòtò ló wọ̀, orí rẹ̀ wà ní gbangba. Àkàbà tó rí ló mú un dúró.

"Bàbá, ẹ ń já a ni?"

Ọdún mélòó ni wọn ò ti gbọ́ ohùn ara wọn? Bàbá Díkìnì kàn mi orí pé rárá.

"Mo máa ń kà á tí mo bá ń kọjá," ni Títí wí. "Lọ́jọ́ kan mo kà á pé bí ẹ ṣe wà. Tí mo bá délé, màá ní rárá, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n kọ, èmi ni wọ́n ń bá wí. Èwo ni, Bàbá?"

Bàbá Díkìnì yíjú sí i pátápátá, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù lára àkàbà mi, èmi sì wà lókè tòun ti ọ̀dà.

"Èyí tó bá gbé ọ wọlé," ni wọ́n wí, "òun ni kí o kà."

Ẹkún gbọ̀n Títí, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fẹ́ dojú bolẹ̀. Bàbá Díkìnì fi àkàbà mi sílẹ̀ gbàgà, wọ́n di ọmọ wọn mú léjìká.

"Má wólẹ̀," ni wọ́n wí. "Wọlé."

Mo rọ̀ mọ́ pátákó bí àdán, omi ń bọ́ lójú èmi náà. Nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ gbé lélẹ̀ tán, mo bi wọ́n pé ṣé kí n wá fi àmì náà sábẹ́ O. Wọ́n ní kí n pa èyí tí mo ti kọ pàápàá rẹ́, ẹlòmíràn lè máa kọjá bọ̀ tó ní bí òun náà ṣe fẹ́ kà á. Ẹni tó ń fi bírò tún ìwé orin ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀ o.

Àwọn àgbà ìjọ kùn títí ó fi sú wọn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ pátákó onírọ́bà ti dé báyìí, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣì ń tún pátákó yẹn kùn bí òjò bá ti pa á. Mi ò fi àmì sí i, mi ò sì tú E kúrò lára SE.

Ọ̀gá Súlè wá kí mi láti Ifọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ogbó ti dé sí wọn. Mo mú wọn wá síwájú pátákó náà. Orin ń bọ̀ láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Títí sì lé ti gbogbo wọn. Ọ̀gá Súlè fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí i lókè.

"Rasákì, àlàfo dà?"

"Ọ̀gá," mo ní, "àwọn èèyàn ti gba ibẹ̀ wọlé."