Ìtàn Mónìkà Tí Katikísì Kò Parí

Orí kẹ̀kẹ́ ni Benedict wà nígbà tí Aníwúrà ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn. Ó ti dé ìyànà kó tó kígbe padà pé, "Ìyá Zacchaeus, má jẹ́ kí iná pọ̀ jù lábẹ́ púpurú o." Orí àjà ìdáná ni Aníwúrà ti ń fi èéfín yan gbágùúdá rírẹ náà. Igbodigo ni Benedict ń lọ, láti kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣèrìbọmi.

Òun ni katikísì, olùkọ́ ìjọ Àgùdà, ní Erinje. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Fadá ń wá, nítorí náà òun ló ń sọ ìtàn àwọn ẹni mímọ́ fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti dé ibi tó gbóná, á pa ìwé dé. Dora ẹlẹ́ja sọ fún un pé ó tún ti so ìtàn mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

"Bí mo bá tú u lónìí," ó ní, "ṣé ẹ máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aníwúrà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìtàn Mónìkà ni lọ́jọ́ náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ tàn jẹ, tó wọkọ̀ ojú omi lọ, tó fi í sílẹ̀ létí òkun pẹ̀lú ẹkún. Zacchaeus tiwọn náà wọṣẹ́ ológun láìdágbére. Lẹ́tà kan péré ló ti kọ. Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó sọ òpin rẹ̀ fún òun. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó dúró de ọjọ́ Ìsinmi bí àwọn tó kù.

Kí ọjọ́ Ìsinmi náà tó dé ló lọ sí Igbodigo. Kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ padà wálé. Òjò ti mú kí afárá onígi máa yọ̀. Àwọn tó gbé òkú Benedict ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìwé ìtàn àwọn ẹni mímọ́ náà wà lórí àjà, níbi tí èéfín púpurú kì í jẹ́ kí ikán dé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Zacchaeus nìkan ló sì kù nínú ilé náà tó lè kà á.

Ogun abẹ́lé parí. Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá ti dún lọ́nà, Aníwúrà á jáde wò bóyá Zacchaeus ni. Bí Fadá bá wá, á bu omi fún un, á bi í léèrè ọ̀nà, á sì padà sídìí púpurú rẹ̀. Dora ní kí ló dé tí kò béèrè òpin ìtàn Mónìkà lọ́wọ́ Fadá kí ọkàn gbogbo wọn balẹ̀.

"Bí ọmọ Mónìkà ò bá padà ńkọ́?" Aníwúrà bi í.

Dora gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù.

Ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1970 dé, ó kọjá. Zacchaeus kò tíì dé. Ìwé ṣì wà lórí àjà, Aníwúrà kò sì tíì béèrè.