Egbò Tí Kò Gbóná

Egbò tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná bí ìkòkò orí ààrò kì í já nọ́ọ̀sì láyà. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń wẹ egbò nílé ìwòsàn kékeré kan n'Ísẹ́yìn, ẹsẹ̀ tútù tí Bàbá Àdùkẹ́ gbé wá láti Ìpàpó ló já mi láyà jù.

Ọkọ́ ló ṣá a lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè. Mo tú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ojú egbò náà jìn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn, síbẹ̀ kò wú, kò sì gbóná. Ẹ̀rín ni ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá ń rín.

"Nọ́ọ̀sì, kí lẹ̀ ń fajú ro sí? Ó ti ń jinná nìyẹn. Kò tiẹ̀ kérora lóru. Ẹ tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi, ó kún bí ti ọba!"

"Bàbá, oògùn wo lẹ̀ ń lò?"

"Oògùn orúnkún ni. Ọlọ́kadà kan ló ń gbé e wá sọ́jà wa, funfun wẹ́wẹ́ báyìí. Bí mo bá ti gbé e mì láàárọ̀, màá kọ ebè bí ọmọ ogún ọdún."

"Láti ìgbà wo?"

"Á, láti ìgbà tá a ti wa iṣu èṣí."

Mátírọ́ọ̀nù tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí oògùn ń bá ẹ̀jẹ̀ sọ, kó má fi lé aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ wa ní ọdẹ tirẹ̀, àwọn hóró funfun tí ń ṣọ́ ara. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan ni àṣẹ tá a jogún lọ́dọ̀ òbí wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì. Bí kòkòrò bá gba ojú egbò wọlé, àwọn àṣẹ kan á jí: ẹ fọn fèrè, ẹ dáná, ẹ pe ẹgbẹ́ yín. Gbígbóná egbò, iná àwọn ọdẹ ni. Oògùn wẹ́wẹ́ yìí a máa wọnú hóró lọ títí dé ìyẹ̀wù tí àṣẹ wà, á pa àwọn tó ń pe ogun lẹ́nu mọ́, á jí àwọn tó ń ní kí ọdẹ sinmi. Lọ́wọ́ dókítà, ó ti gba ẹni tí ikọ́ fée ń fún lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó ń dá a gbé mì lójoojúmọ́ ti rán ọdẹ rẹ̀ lọ sùn, ó sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Mo là á yé wọn. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá Àdùkẹ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn ńkọ́, Nọ́ọ̀sì?"

"Oògùn ló wú u, Ìyá. Òun ló jẹ́ kí n dá oògùn náà mọ̀."

Mo ní kó má dá oògùn náà dúró lójijì, torí ara tó ti gbára lé e lè dákú, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Orúnkún tó tìtorí rẹ̀ lo oògùn ló ṣẹ́kù.

Ọlọ́kadà yẹn ṣì ń ná ọjà wọn. Wọ́n ṣì ń kí i káàbọ̀.

Nígbà tí dókítà ti dín oògùn náà kù díẹ̀díẹ̀ tán, Bàbá padà wá kí n wẹ ojú ibi tí wọ́n gé. Bí mo ti fọwọ́ kàn án, ó pariwo.

"Nọ́ọ̀sì, ó ń ta mí! Ó ń gbóná!"

"Ẹ dúpẹ́, Bàbá. Àwọn ọdẹ yín ti jí."

Ó wo ilẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

"Kí ni wọ́n wá fẹ́ ṣọ́?"