Ohun Tí Àǹtí Mi Kò Rí Kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ṣàgámù, òórùn èèpo obì tó ń jẹrà nínú omi gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè yínmú sí i. Ṣe ni èmi dúró tí mo fà á símú dáadáa.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tí náírà ṣì lágbára, obìnrin mẹ́sàn-án ló máa ń bó obì gbànja lábẹ́ àtíbàbà ìyá bàbá mi. Ìyá Simawa, tí wọ́n ń wá láti abúlé Simawa, ni àgbà inú wọn. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ lẹ́nu wọn ju obì ọwọ́ wọn lọ.

Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa. Bí a ṣe ń darí ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì. Ìwé ìgbà náà sọ pé bí ẹ̀rọ ni ilé-iṣẹ́ rí: irin tó bá ń falẹ̀ nínú rẹ̀, kí a yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Àǹtí fi ń wo aago, tí wọ́n ń ka obì tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bó.

“Màámi, Ìyá Simawa ló ń fà yín sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi.”

Ìyá Simawa kò jiyàn. Wọ́n ká ẹní wọn, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n lọ. Mo sunkún títí.

Kò pẹ́ tí obìnrin méjì fi jà nítorí ibi ìjókòó, kò sì sẹ́ni tó là wọ́n. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó kù ṣàìsàn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ wò, ìyá rẹ̀ kò sì wá síbi iṣẹ́ mọ́. Kí oṣù tó parí, mẹ́rin péré ló kù, obì sì ń bàjẹ́ nínú omi.

“Iṣẹ́ wo gan-an ni Ìyá Simawa ń ṣe?” ni Àǹtí béèrè.

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín. “Ìwọ tó ń kà á, ṣé o ò rí i ni?”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Àǹtí lọ sí Simawa. Àǹtí mi, ọ̀mọ̀wé, kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi,” ni Ìyá Simawa wí. “Obì lo kà, o ò tíì ka èèyàn ni.”

Wọ́n bá wa padà. Àwọn tó ti lọ náà ń padà lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi ìyá ọmọ tó ṣàìsàn. Ìyẹn kò dárí jì wá.

Nígbà tó yá, Àǹtí di olùkọ́ ní yunifásítì. Díẹ̀díẹ̀, àwọn ìwé náà yí ohùn padà: wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ, pé àjọṣe àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni. Àǹtí á kà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín: “Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Simawa.”

Ọmọ mi obìnrin ń darí òṣìṣẹ́ báyìí. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń sọ ẹni tó ń falẹ̀. N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Mo kàn bi í pé ta ló ń lọ kí ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Ohun tí a fi ń ka iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí tàtijọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ṣì ń retí kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.