Kọ́kọ́rọ́ Ìdí-Igi Méjì

Bàrákàt ọmọ Amúwo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní 23 Road, ní Festac. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn má ṣègbé. Ó ń ṣe é fún ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn tó ń ta oògùn. Bí oníbàárà bá sọ fún un pé ẹ̀dà gbogbo nǹkan òun wà nínú fláàṣì, pé fláàṣì náà sì wà lórí kọ̀ǹpútà, yóò rẹ́rìn-ín.

"Bí olè bá wọlé, ṣé ẹ rò pé yóò fi fláàṣì sílẹ̀ fún yín?"

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bàrákàt a máa ṣètò kọ̀ǹpútà kó lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Bó bá di ìdájí, kọ̀ǹpútà yóò ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀, yóò sọ ẹ̀dà náà di àdìtú tí ojú àjèjì kò lè kà, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí kíláòdù, ìyẹn ilé ìkẹ́rù-sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Ó dà bí àgádágodo. A kì í wá kọ́kọ́rọ́ kí a tó tẹ̀ ẹ́ pa. Ìgbà tí a bá fẹ́ ṣí i la ń wá a.

Oṣooṣù ló ń ṣí ẹ̀dà àwọn oníbàárà rẹ̀ wò. Ó máa ń sọ pé ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Ti ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni kò ṣí wò rí, ó sì ní ìdí.

Ẹbí wọn ti wà ní Amúwo kí Festac tó dé. Bàbá ńlá wọn fẹ́ ìyàwó méjì, nítorí náà ìdí-igi méjì ló wà nínú ẹbí. Láyé àtijọ́, inú àpótí irin ni wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu rẹ̀, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì mú kọ́kọ́rọ́ kan, kí ẹnì kan má baà dá ilẹ̀ tà. Nígbà tí Bàrákàt kó ìtàn ẹbí sínú kọ̀ǹpútà ilé, ẹni tó bí ẹni, ẹni tó fẹ́ ẹni, pẹ̀lú ohùn àwọn àgbà, àṣà yẹn ló tẹ̀ lé. Ó pín páásíwọọ̀dù tó ń ṣí ẹ̀dà sí méjì. Bàbá Mùkáílà, àgbà ìdí-igi ìyálé, tẹ ìdajì. Ìyá Ṣẹ̀fíátù, àgbà ìdí-igi ìyàwó, tẹ ìdajì. Bàrákàt kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ìyálé ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ló kọ́kọ́ bímọ. Títí dòní ni wọ́n ń jà sí ìdí-igi tó ṣe àgbà. Láti kó àwọn méjèèjì jókòó sójú kan kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Akọ́ládé wá fẹ́ fẹ́ Fareedah, àbúrò Bàrákàt. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Bàbá Mùkáílà gbọ́ pé Láídé ni orúkọ ìyá àgbà ọmọkùnrin náà.

"Láídé tó dàgbà nínú agboolé wa níbí? Ọmọ wa nìyẹn! Ẹbí kì í fẹ́ra. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá dá mi lójú, n kò ní gba àlejò kankan."

Fareedah bú sẹ́kún. Bàrákàt ní kó nu ojú, ìtàn ẹbí wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó tan kọ̀ǹpútà ilé, kò tàn. Iná tí wọ́n mú wá lánàá ti lágbára jù, ó ti jó inú rẹ̀.

"Ó ti parí nìyẹn," ni Fareedah wí.

"Kò tíì parí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà ní kíláòdù. Lọ pe Bàbá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi á lọ bẹ Ìyá."

Àwọn àgbà méjèèjì dé, wọ́n fi àga kan sáàárín ara wọn. Bàrákàt gba ẹ̀dà náà wálẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó béèrè páásíwọọ̀dù.

"Èmi ni àgbà," ni Bàbá wí. Ó fi ìka kan tẹ tirẹ̀. Ìyá tẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún kọ̀.

"Bóyá ẹ ti gbàgbé tiyín," ni Ìyá Ṣẹ̀fíátù wí.

"Èmi? Ta ló ń gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é?"

"Bàbá, ẹ má sọ ọ́ síta!" ni Bàrákàt ké.

Ìgbà náà ló rántí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣètò rẹ̀, Bàbá pẹ́ ní Mazamaza, Ìyá ló sì kọ́kọ́ tẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ àgbà. Ẹni tó ṣáájú lọ́jọ́ náà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú lónìí. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́ síta, Ìyá Ṣẹ̀fíátù á ròyìn rẹ̀ yí Amúwo ká, Bàbá á bínú lọ, ìgbéyàwó Fareedah á sì fọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú."

Bàbá tẹ tirẹ̀. Àwọn àmì dúdú tò sójú kọ̀ǹpútà. Bàrákàt nawọ́, ó tẹ bọ́tìnnì kan, igi kékeré tó ń ṣẹ́jú níbi tí a ń kọ̀wé sí padà sí iwájú gbogbo wọn.

"Ìyá, ó kàn yín."

Ìyá tẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ bọ́ síwájú, ó sì ń ti ti Bàbá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣí.

"Ẹ rí i?" ni Bàbá wí. "Ẹ̀ẹ̀kan tí a bá ti jẹ́ kí àgbà ṣáájú!"

Ìyá Ṣẹ̀fíátù rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó la ẹnu. Ó wo Fareedah tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì pa ẹnu dé.

Bàrákàt wá orúkọ Láídé. Ohùn ọkùnrin kan jáde: "Láídé kì í ṣe ọmọ wa. Ará Àgbádárìgì ni bàbá rẹ̀, ó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ni. Àwa ọmọdé kàn jọ ń ṣeré ni."

Bàbá Mùkáílà dẹ etí. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ta ni ọkùnrin yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi."

Ìyá Ṣẹ̀fíátù rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. Bàbá kọ́kọ́ fajú ro, lẹ́yìn náà ẹ̀rín borí òun náà.

"Ó dáa. Kí wọ́n máa bọ̀."

Fareedah ti wà lójú títì, ó ń pariwo sínú fóònù: "Akọ́! A ò bára tan o! A ò bára tan rárá!" Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wo ẹni tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń mú jó.