Ajá Lánlọ́ọ̀dù Tí Kò Kùn Mọ́

Lánàá, ajá kan ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ike mi n'Ísọlọ̀. Oníbàárà mi bọ́ bàtà, ó fẹ́ lù ú. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó kùn o!" Ni àgbàlá tí a gbé nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ókè-Afá bá sọ sí mi lọ́kàn.

Lánlọ́ọ̀dù wa a máa fi ọwọ́ kan oúnjẹ ajá rẹ̀ láti fi han gbogbo ilé pé òun lọ̀gá. Tí ajá náà bá ti kùn, igi ló máa fi là á lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ á máa kán sínú ẹ̀bà. Nígbà tó yá, kò kùn mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ń yangàn pé ó ti gbẹ̀kọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tún na ọwọ́ sí abọ́. Ajá náà gan pa, ó ń fi funfun ojú wò ó, ìrù rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni. Àfi gbàù! Ó ti di ọwọ́ Lánlọ́ọ̀dù mú, ó ń fà á ya bí àkísà, ẹ̀jẹ̀ gba gbogbo jalamíà funfun tí Lánlọ́ọ̀dù wọ̀. Omi gbígbóná ni màmá mi dà sí i kó tó tú u sílẹ̀.

"Ìyá Ríṣí, kò tiẹ̀ kùn!" Lánlọ́ọ̀dù ń sunkún sí màmá mi.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni kíkùn ajá, kó má baà gé èèyàn jẹ.

Màmá mi ń fi gèlè di ọwọ́ Lánlọ́ọ̀dù. Ó ní, "Ṣebí ó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ni, Bàbá."